Ìlú Ṣeé Kó, Ilẹ̀ Kò Ṣeé Kó

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlú wúrà tó ti di ahoro, Bodie ní ìpínlẹ̀ California, Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1859 ni wọ́n rí wúrà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1880, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti rọ́ débẹ̀. Wúrà tán, èrò túká, ìjọba sì sọ àwókù ilé pákó tó kù di ibi àbẹ̀wò ní ọdún 1962. Ẹni tó bá ń wá irú ahoro bẹ́ẹ̀ kiri ilẹ̀ Yorùbá yóò rìn títí. Kì í ṣe pé a kò wa wúrà rí. Ahoro tiwa ni kò sí lórí ilẹ̀. Inú ilẹ̀ ló wà.

Ẹ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ọdún 1913 ni wíwa wúrà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó gbilẹ̀ gan-an láàárín ọdún 1930 sí 1940, kí ogun àgbáyé kejì tó lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kúrò nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìtagúnmodi, Ìgún àti Ìpéríndó kò di ahoro, nítorí kì í ṣe wúrà ló tẹ̀ wọ́n dó. Oko ló gbé wọn ró: iṣu, ọ̀pẹ àti kòkó. Bí awakùsà bá lọ, ọba wà láàfin, ọjà ń ná. Bákan náà ni Obuasi ní Gánà: ilé-iṣẹ́ ńlá tó ti ń wa wúrà níbẹ̀ láti 1897 dá iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ dúró ní 2014, kò padà sẹ́nu rẹ̀ títí di 2019, síbẹ̀ ìlú kò tú.

Ohun tó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti fi ṣọ́bìrì wa wúrà rèé. Wọn yóò gé igi kòkó, wọn yóò wa ilẹ̀ dúdú kúrò, wọn yóò wa ilẹ̀ pupa tẹ̀lé e, títí wọn yóò fi kan òkúta wẹ́wẹ́ tí odò àtijọ́ kó jọ. Wọn yóò bù ú sórí pákó onídàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Omi yóò gbé yẹ̀pẹ̀ lọ, wúrà tó wúwo yóò há sínú irun kápẹ́ẹ̀tì. Wúrà ọ̀hún lè má kún àtẹ́lẹwọ́, kòtò rẹ̀ sì lè gbé odindi ilé mì. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, ilẹ̀ dúdú tí kòkó ń jẹ ti bọ́ sí abẹ́ òkìtì, òkúta ló kù lókè.

Ẹnìkan lè sọ pé òjò àti igbó yóò bò ó. Lóòótọ́, koríko yóò hù, ṣùgbọ́n koríko kì í ṣe kòkó. Àwọn kòtò tí awakùsà tánganran gbẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní ayé òyìnbó ṣì gba omi dúró títí di òní. Omi pàápàá ń gbé ìdọ̀tí rìn: odò Ọ̀ṣun pọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun má mu omi rẹ̀. Ní Zamfara, eruku òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ọdún 2010.

Àwọn mìíràn yóò ní owó ń bẹ níbẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ Segilola bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní 2021, ó gba òṣìṣẹ́, ó ń san owó fún ìjọba. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí a má wa wúrà. Òfin ohun àlùmọ́nì ọdún 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní kí a san owó ohun tó bá bàjẹ́ fún olóko, kí ilé-iṣẹ́ bá ìlú ṣe àdéhùn, kí owó àtúnṣe ilẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fi òru wọ oko, tó fi òru jáde, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ta ni yóò wá dí kòtò rẹ̀?

Yorùbá mọ ahoro dáadáa. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro, Aláàfin Àtìbà tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Òwu fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé orúkọ àti oyè wọn dé Abẹ́òkúta. Ìlú ṣeé kó. Ilẹ̀ oko ni kò ṣeé kó. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ni oko ní Ìta-Ògbólú, ní Ìjù àti káàkiri agbègbè Àkúrẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ilẹ̀ yín láti wa ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ wúrà, ì báà jẹ́ òkúta, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ hàn yín, kó bá yín ṣe àdéhùn, kó sì fi owó dídí kòtò sílẹ̀ kó tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀.