Ẹ̀jẹ̀ A Máa Sọ̀rọ̀ Kí Àìsàn Tó Dé

Àìsàn kan wà tí ó yẹ kí a mú wá sí iwájú yín, pàápàá ẹ̀yin ìyá, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin ni ó ń mú jù. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ní in, bí mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò jẹ́ obìnrin, àwọn tí wọ́n sì wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó pọ̀ jù. Lupus ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìkookò ní èdè Látìn. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé egbò tí wọ́n rí ní ojú aláìsàn dà bí ibi tí ẹranko ti gé jẹ.

Bí ó ti ń wọlé ni ó ń dààmú ènìyàn. Ọmọ á jí ní òwúrọ̀, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ á le, kò ní lè fún aṣọ. Ara rẹ̀ ń gbóná, irun rẹ̀ ń já, egbò ń yọ sí i ní ẹnu. Ìyá rẹ̀ á ní ibà ni, á sì ra oògùn ibà fún un. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, aládùúgbò á ní làkúrègbé ni. Ẹlòmíràn á sì rọra sọ sí ìyá náà ní etí pé kí ó wádìí àwọn tí inú wọn kò dùn sí ọmọ náà. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni wí tí ó ń gbàdúrà lórí ọmọ rẹ̀; ṣùgbọ́n àkókò tí a fi ń wá ẹni tí ó ṣe é ni àìsàn náà fi ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn ìwé ìṣègùn a máa sọ nípa àpá pupa tí ó tẹ́ bí ìyẹ́ labalábá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ara dúdú bíi tiwa, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ó lè dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ elésè àlùkò, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń fojú fò ó.

Ọlọ́run fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá àrùn jà. Nínú lupus, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà yíjú padà sí onílé. Ní ọdún 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, Dókítà Malcolm Hargraves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nínú mùdùnmúdùn egungun àwọn aláìsàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ti gbé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì. Àyẹ̀wò tí ó ti ibẹ̀ jáde ti di ohun àná, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti ọdún 2003. Ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà a máa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun wọn, a sì máa fi í pamọ́ ní dídì bíi yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùwádìí mú 130 nínú àwọn tí lupus ti mú, wọ́n padà lọ yọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n ń gbé ìbọn tí wọ́n sì ń sáré. Nínú 115 wọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀dàlẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí dókítà tó dárúkọ àìsàn náà. Ti ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án ó lé. Wọn kò sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan tètè dé, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tí ń gbógun ti DNA tẹ̀ lé wọn. Àwọn tí à ń pè ní anti-Sm wà lára àwọn tí ó dé kẹ́yìn, nígbà tí àìsàn ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí bẹ̀rù. Àyẹ̀wò ANA ni a kọ́kọ́ fi ń wá àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí, a sì ń rí wọn lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ní lupus títí ayé wọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jọ gbé ìlànà tuntun jáde ní ọdún 2019, wọ́n fi ANA ṣe ẹnu ọ̀nà. Wọn kò fi ṣe ìdájọ́.

Ta ni àìsàn náà yóò wá le mọ́? Bí àwọn tí ń gbógun ti DNA bá ń pọ̀ sí i, tí àwọn èròjà C3 àti C4 sì ń dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, dókítà a máa fura sí kíndìnrín. Ọ̀rọ̀ kan sì wà níbí tí ó kan ìran wa. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí kéde pé oríṣi àbùdá APOL1 kan tí a ń jogún a máa mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí a gbà ní Ìbàdàn wà nínú ohun tí wọ́n lò, àbùdá náà sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ègún o: ó ń bá kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 a rí i láàrin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí lupus ti dé kíndìnrín wọn pé, àwọn tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni kíndìnrín wọn ń kú jù.

Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn bí a ti wí, kí ó bẹ dókítà pé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá púrótéènì wà nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kíndìnrín kì í sì í dun ènìyàn nígbà tí ó ń bàjẹ́. Oògùn tí a sábà máa ń kọ́kọ́ fún wọn, hydroxychloroquine, àbúrò ni fún chloroquine tí ilé gbogbo mọ̀ nígbà kan rí. Ní báyìí, inú ìtọ̀ kan náà ni àwọn olùwádìí tún ń wá àmì mìíràn sí, kí a má baà máa fi abẹ́rẹ́ bu nínú kíndìnrín kí a tó mọ bí ogun náà ti le tó.