Aṣàyẹ̀wò Yanrìn Níbi Iṣẹ́ Ilẹ̀ Epoxy

Aṣàyẹ̀wò ni ẹni tí onílé tàbí ilé iṣẹ́ gbà láti máa ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń fi epoxy, oje oníkẹ́míkà tó ń gan di líle, bo ilẹ̀. Kì í po nǹkan, kì í sì í da nǹkan sílẹ̀. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni agbára rẹ̀: bí kò bá tíì fọwọ́ sí ìpele kan, owó ìpele náà kò gbọdọ̀ jáde. Yanrìn quartz wà lára ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò dá.

Iṣẹ́ tí yanrìn yìí ń ṣe kò kéré. Epoxy tí kò ní yanrìn máa ń yọ̀ bí omi tàbí epo bá dà sí i. Bí ooru bá mú, ó ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún kọnkéré, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó ṣí kúrò lára kọnkéré bó bá nípọn. Quartz kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀; líle rẹ̀ dé 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs, ó sì ń dín epoxy olówó gọbọi kù. Èyí tó kúnná, láti 0.1 dé 0.3 mílímítà, ni wọ́n ń pò mọ́ epoxy. Èyí tó tóbi díẹ̀, láti 0.3 dé 0.8, ni wọ́n ń fọ́n sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, títí ojú ilẹ̀ kò fi ní dán mọ́ níbì kankan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbá èyí tí kò lẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fi epoxy mìíràn bò ó.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni orísun yanrìn náà. Àwọn tó ń ta epoxy a máa sọ pé yanrìn inú àpò tó ti òkè òkun wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nìkan ló ṣeé lò. Bíríkìlà kan ní Kpoulou, ní Adja-Ouèrè ní gúúsù Benin, lè dáhùn pé inú Adja-Ouèrè yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Massè wà, ti Onigbolo kò sì jìnnà ní Pobè. Kí ló dé tí wọ́n á fi ra yanrìn nílùú òyìnbó?

Ní ti irú òkúta tó jẹ́, bíríkìlà kò jẹ̀bi. Ooru àti òjò ti sọ àwọn òkúta tí kò lágbára di amọ̀ tipẹ́tipẹ́. Quartz ló ṣẹ́kù, òun ló sì pọ̀ jù nínú yanrìn gúúsù Benin. Àmọ́ amọ̀ náà kò lọ jìnnà. Ilẹ̀ pupa ń lẹ̀ mọ́ hóró yanrìn. Ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, tó ń wú lójò tó sì ń là lẹ́ẹ̀rùn, ń bá táyà ọkọ̀ wọ ibi iṣẹ́. Bí amọ̀ bá bo hóró, amọ̀ ni epoxy ń dì mú, kì í ṣe quartz, hóró yóò sì máa ṣí jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ìgò kan tó láti fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bu yanrìn dé ìdajì ìgò tó mọ́ gaara, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á mi ìgò náà dáadáa, wọ́n á gbé e kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yanrìn fi máa rì sísàlẹ̀, èyí tó kúnná á tẹ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n amọ̀ lè jẹ́ kí omi rú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Yanrìn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn fífọ̀, jíjọ̀ àti sísá ló tó lè padà wá. Ti etí òkun kò yẹ kó wọ ọ̀rọ̀ náà rárá: iyọ̀ wà lára rẹ̀, èéfọ́ ìkarahun inú rẹ̀ rọ̀ ju quartz lọ, kíkó o sì ń dá kún bí òkun ṣe ń jẹ etíkun Benin.

Àwọn tó ń ta epoxy gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ẹ̀rí ju ohun tí ìwé náà lè gbé lọ. Ohun tó jáde nílé iṣẹ́ ló ń sọ, kò sọ ohun tó dé Kpoulou. Àpò tí wọ́n tò sórí ilẹ̀ lásán lóṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀, lè ti fa ọ̀rinrin, yanrìn tútù a sì máa ba epoxy jẹ́ bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dára tó. Kọnkéré ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe epoxy kò fẹ́ kí omi inú rẹ̀ ju ìdá 4 nínú 100 lọ. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pinpin fún wákàtí 16 kò lè wọn iye náà, àmọ́ ó lè fi ọ̀rinrin hàn: bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ dúró. Yóò nira fún aṣàyẹ̀wò tí agbaṣẹ́ṣe ń sanwó fún láti sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Fún ìpele tí wọ́n ń fọ́n, yanrìn ìbílẹ̀ tó bá yege nínú ìdánwò wọ̀nyí tó lò. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ epoxy ló ṣòro, nítorí ajọ̀ ọwọ́ kò lè ya hóró 0.1 mílímítà sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ.

Àríyànjiyàn orísun yìí kì í sábà kan eruku. Bí wọ́n bá ń jọ yanrìn gbígbẹ, eruku quartz tí ojú kò rí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń dá àpá tí kì í san sí i. Silicosis ni àrùn náà ń jẹ́. Lọ́dún 1997, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka eruku quartz náà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Bí wọ́n bá gbà kí wọ́n pèsè yanrìn náà ní Kpoulou, àwọn ọ̀dọ́ Kpoulou ni eruku náà máa dé bá, aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò sì lè dá a dúró. Kí wọ́n fi omi jọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sá a, kí owó ìbòmú gidi wà nínú owó iṣẹ́, kí aṣàyẹ̀wò sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró nítorí eruku bó ṣe lè dá a dúró nítorí amọ̀.