Èèyàn 89 Tí New York Kò Rí Kà

Àwọn ilé alájà púpọ̀ kan wà ní Bronx tó jẹ́ pé èèyàn 89 kò lè kún ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Iye tó dín nìyẹn nínú ìkànìyàn ọdún 2020 tí àga kan fi bọ́ lọ́wọ́ New York nílé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Ká ní wọ́n rí èèyàn 89 sí i kà, tí tàwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì dúró bó ṣe wà, àga 27 ni wọn ì bá ṣì ní. Ó ti di 26.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wọn àtọmọ mẹ́ta ti kúrò ní Bronx kí ìkànìyàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Owó ilé ló lé wọn wá bá wa ní Houston. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, ta ni í ronú kan òṣèlú?

Àga 435 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin, òfin ọdún 1929 ló sì dè é mọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ka èèyàn, tí wọ́n á sì tún àga pín. Nígbà tí àga kò ti lè lé, èyí tí ìpínlẹ̀ kan bá gbà, ọwọ́ òmíràn ló ti jáde. New York kò kúkú dín kù: èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 20, ó ju ti 2010 lọ. Àwọn mìíràn ló yára jù ú lọ. Texas gba àga 2, Florida gba 1. California pàápàá pàdánù 1, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ sí i rí. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 1940, àga 45 ni New York ní, Florida ní 6 péré. Florida ti ní 28 báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan ààrẹ gan-an. Iye àga tí ìpínlẹ̀ ní, pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ rẹ̀ méjì, ni iye ìbò tó ní láti fi yan ààrẹ. Ìbò 538 ló wà lápapọ̀, ẹni tó bá ní 270 ti wọlé. Ìbò àwọn ìpínlẹ̀ tí George W. Bush mú lọ́dún 2000 jẹ́ 271. Nígbà tí wọ́n tún àga pín lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún yẹn, ìbò àwọn ìpínlẹ̀ kan náà di 278, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà.

Èyí tó ń dùn mí ni tiwa ní Texas níbí. Gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú ni wọ́n ń kà, ọmọ ọwọ́, ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò, ẹni tí kò ní pépà. Ìjọba Trump fẹ́ fi ìbéèrè bóyá èèyàn jẹ́ ọmọ onílùú sí fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a dúró lọ́dún 2019. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn kan kò kọ ohunkóhun ránṣẹ́, àwọn kan kọ orúkọ tọkọtaya, wọ́n fo ìyá àgbà àti àbúrò tó ń sùn ní pálọ̀. Àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ ìkànìyàn fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé Texas wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí wọn kò ka èèyàn ibẹ̀ tán.

Ọdún 2030 ni wọ́n á tún kà. Òfin kò gbà kí wọ́n fi ohun tí ẹ bá kọ lé ọlọ́pàá tàbí ìmígíréṣọ̀n lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ màmá sí i.