Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ológbò inú yanrìn Sàhárà

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Gángan ní Èkó, ológbò tó ń sùn nínú ìsọ̀ yín ní ìbátan ní aṣálẹ̀ Sàhárà, títí dé Niger tó bá wa pààlà. Kò tóbi ju ológbò ilé lọ. Irun bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kí yanrìn gbígbóná má baà jó o. Lọ́sàn-án, inú ihò ló ń sá oòrùn sí. Bílẹ̀ bá ṣú, á dẹtí sílẹ̀, á gbọ́ eku lábẹ́ yanrìn, á sì wú u jáde. Ó ń pa paramọ́lẹ̀ jẹ pàápàá! Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmu omi.

Nínú ọgbà ẹranko, ọ̀rinrin lọ̀tá rẹ̀, torí kì í pẹ́ kó àrùn èémí. Yanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ́ fún un. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Èkó kò lè bá a lára mu rárá.