Oníbodè Afẹ́fẹ́ nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́, tí ẹ sì yọ pọ́ǹpù kúrò, kí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tún gba ibi tí ó bá wọlé jáde? Fáàfù ni. Oníbodè ni fáàfù: òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́, òun náà ni ó ń tì í. Oníbodè kan wà tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyíinì ni fáàfù bíréèkì ọkọ̀ ojú irin.

Ní ọdún 1869, ọmọ Amẹ́ríkà kan, George Westinghouse, ṣe bíréèkì tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, yóò tú afẹ́fẹ́ láti orí ẹ́ńjìnnì sínú páìpù tí ó gba abẹ́ gbogbo kóòṣì kọjá, afẹ́fẹ́ náà yóò sì ti bíréèkì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Bí páìpù bá já, afẹ́fẹ́ kò ní dé ibi tí a rán an, bíréèkì kò sì ní mú.

Nítorí náà, ní ọdún 1872, Westinghouse yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó fún kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní táǹkì afẹ́fẹ́ tirẹ̀, ó sì fi fáàfù kan sí àárín páìpù, táǹkì àti bíréèkì. Afẹ́fẹ́ páìpù ń ti fáàfù yìí níhà kan, afẹ́fẹ́ táǹkì ń tì í níhà kejì. Bí ti páìpù bá lágbára jù, fáàfù yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú táǹkì, yóò sì ṣí ọ̀nà kí èyí tí ó wà nínú bíréèkì lè jáde síta. Bíréèkì yóò tú, ọkọ̀ yóò máa lọ. Bí agbára ti páìpù bá dínkù, ti táǹkì yóò borí. Fáàfù yóò sún padà, yóò ti ọ̀nà ìta, yóò sì tú afẹ́fẹ́ táǹkì sínú bíréèkì. Ọkọ̀ yóò dúró.

Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: dídínkù afẹ́fẹ́ nínú páìpù ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí páìpù bá já, kóòṣì kọ̀ọ̀kan yóò mú bíréèkì fúnra rẹ̀, láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹfà ọdún 1889, ọkọ̀ ojú irin kan ń kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti Armagh, ní ilẹ̀ Ireland, lọ ṣeré ní etí òkun. Kò lè gun òkè kan tán. Wọ́n tú àwọn kóòṣì ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè kọ́kọ́ fa ti iwájú lọ. Ṣùgbọ́n bíréèkì ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí ń mú fúnra rẹ̀. Àwọn kóòṣì náà yí padà sísàlẹ̀ òkè, wọ́n sì kọlu ọkọ̀ mìíràn tí ń bọ̀. Nǹkan bí 80 ènìyàn ni ó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún kan náà, àwọn aṣòfin ní London fi àṣẹ sí i pé ọkọ̀ ojú irin tí ń kó èrò gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tí ń mú fúnra rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ńlá náà fi ń mú bíréèkì. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró, tí ẹ sì gbọ́ “ṣììì” lábẹ́ rẹ̀, ẹ rántí pé oníbodè ni ó ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́.