Ta ni yóò jẹ èrè ọjà yín: ẹ̀yin òní ni, àbí ẹ̀yin ọ̀la?

Kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn fọwọ́ kan owó ọjà. Ẹni tó ń ta bàtà n'Ìdúmọ̀tà mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta ata lọ́jà Bódìjà náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé aṣọ ẹbí dé lọ́jọ́ Ẹtì, inú àpò tí owó ọjà ọjọ́ Ajé wà náà ni ọ̀pọ̀ yóò ti yọ ọ́. Tó bá wá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á máa wá ẹni tí yóò yá wọn lówó kiri. Ohun tá a máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kò lè kó ara ẹ̀ níjàánu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èébú ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí wọ́n ṣe ń fowó pamọ́ rí.

Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà gba ibòmíràn yọ sọ́rọ̀ náà. Lọ́dún 2009, Hal Hershfield, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì UCLA, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ya òbìrìkìtì méjì-méjì síwájú àwọn èèyàn. Ọ̀kan dúró fún ẹni náà bó ṣe wà lónìí, èkejì dúró fún òun kan náà lọ́dún mẹ́wàá sí i. Àwọn kan jìnnà síra wọn, àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ bora wọn tán. Wọ́n ní kí kálukú mú èyí tó jọ bó ṣe rí lára ẹ̀. Àwọn tó mú èyí tó wọnú ara wọn ni wọ́n bá dúkìá tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kù ń wo ara ẹ̀ ti ọjọ́ iwájú bí àlejò, ta ló sì máa ń febi pa ara ẹ̀ nítorí àlejò tí kò mọ̀ rí?

Lọ́dún 2011, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan di ojú àgbàlagbà, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n rí i bí ẹni ń wo dígí. Àwọn mìíràn rí ojú ara wọn bó ṣe wà. Wọ́n wá ní kí kálukú ṣe bí ẹni tó ṣàdédé rí 1,000 dọ́là, kó pín in sí ohun tó bá wù ú. Àwọn tó rí ojú àgbà ara wọn ya 172 dọ́là sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ogbó, àwọn tó kù ya 80 dọ́là. Owó àfẹnusọ ni o, ọmọ iléèwé sì ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò wàásù fún wọn.

Àwọn alájọ wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹ wo ìṣirò ẹ̀ ná. Ẹni tó ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 yóò dá 15,000. Lópin oṣù, alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, á kó 14,500 fún un. Kò sí èlé kankan, owó tiẹ̀ dín kù ni. Ọmọ báńkì lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi 500 náírà yẹn rà ni pé lọ́jọ́ kejìlá oṣù, nígbà tí ọwọ́ bá ń yún un, owó ò sí nítòsí. Káàdì tí wọ́n ń sàmì sí tún wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìyá ọjà yẹn ń rí ara ẹ̀ ti ìparí oṣù tó ń bọ̀ wá bá a. Ó mọ iye tí yóò gbà, ó sì mọ àpò ìrẹsì tí yóò fi rà. Kì í ṣe àlejò mọ́ nìyẹn. Abájọ tí Alájọ Ṣómólú, tó dolóògbé lọ́dún 2012, fi di ẹni tá a fi ń júwe ẹni tórí ẹ̀ pé.

Wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò ní Bumala, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya. Pascaline Dupas àti Jonathan Robinson bá àwọn tó ń ṣòwò kéékèèké ṣí àkáǹtì lọ́fẹ̀ẹ́. Àkáǹtì náà ò ní èlé, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba owó jáde. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ọjà lò ó, owó tí wọ́n ń dá padà sínú òwò sì pọ̀ sí i. Ní ti àwọn ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bínú sí mi.

Àwọn méjèèjì tún pín àpótí irin fún àwọn èèyàn lágbègbè kan náà, kí wọ́n lè máa tọ́jú owó ìlera sínú ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tàwọn kan wà lọ́wọ́ wọn, kọ́kọ́rọ́ tàwọn mìíràn wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò náà. Èèyàn á rò pé àwọn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni yóò ṣe é jù. Rárá o. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn ló náwó jù lórí ohun tí kì í jẹ́ kí àìsàn ṣeni. Owó tí a tì pa ń ba ọlọ́jà lẹ́rù, torí ọmọ lè ṣàìsàn lóru.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ti gbogbo owó mọ́lẹ̀. Ẹ pín in, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ àti oṣù sí ìpín kọ̀ọ̀kan. “Owó fìríìsà oṣù Kẹwàá” ṣòroó fọwọ́ kàn ju “owó ìpamọ́” lọ, torí ó ní ẹni tó ń dúró dè é.

Ní ti ọjọ́ ogbó gan-an, ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, lábẹ́ àjọ PenCom. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ni owó lè gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìdá 60 yóò dọjọ́ ogbó. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in báyìí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ṣe é.