Bí Ilé Bá Wó ní Mainland, Ta Ló Kọ́kọ́ Ń Débẹ̀?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí iléèwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì. Èèyàn 20 ló bá a lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, òmíràn tún wó ní òpópónà Ìbàdàn, Ebute-Metta, lọ́dọ̀ àwa ará Mainland níbí.

Ní Ìta Fájì, àwọn ará àdúgbò ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán gbẹ́ òkìtì. Ẹ̀yin ará Mushin, Surulere àti Yaba, ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kí LASEMA àti pánápáná tó já sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, wẹ́dà, bíríkìlà àti ọlọ́kadà á ti gun orí òkìtì.

Mo kí wọn. Àmọ́ ewu ńbẹ o. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá dúró lórí òkìtì, ó lè tún rì mọ́ ẹni tó ṣì ń mí lábẹ́ rẹ̀. Ariwo wa náà kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn adóòlà ẹ̀mí lágbàáyé ní àmì fèrè fún èyí: ẹyọ kan gígùn, kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kúkúrú mẹ́ta, ẹ sá kúrò. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n?

Síbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba kàn dé kó sì lé gbogbo wa dànù, ìyẹn náà ò da. Aládùúgbò ló mọ yàrá tí Ìyá Rìsí ń sùn. Wẹ́dà ló ní ẹ̀rọ tó ń gé irin.

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Mẹ́síkò lọ́dún 1985, àwọn ará ìlú ló rá wọ abẹ́ àwókù. Inú wọn ni ẹgbẹ́ Topos ti jáde. Wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ti lọ gba ẹ̀mí là lókè òkun.

Kí ló dé táwa ò lè ṣe é? Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ orúkọ wẹ́dà, bíríkìlà àti nọ́ọ̀sì àdúgbò sílẹ̀, kí wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fún wọn ní fèrè àti akoto. Bí LASEMA bá dé, olórí wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Abala 20 òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ mú owó wá ná, ẹ rán wọn létí.

Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè ya fídíò, ẹ fi pe 767 tàbí 112. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà kí áńbúláǹsì lè kọjá.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò létò lè tẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pa.